Ó Gbọ́dọ̀ Padà Sílé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ ran tíṣà ọmọ mi lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Year 4 ni wọ́n, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 9. Tíṣà ò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ó pín bátìrì, wáyà àti gílóòbù kékeré, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tàn.

Wáyà kan ṣoṣo ni ọmọ mi fi so bátìrì mọ́ gílóòbù. Kò tàn. Ó fẹ́ẹ̀ sunkún. Mo nawọ́ láti bá a ṣe é, tíṣà mi orí sí mi.

Lọ́jọ́ kejì ló mú wáyà kejì. "Dádì, ó gbọ́dọ̀ padà sílé!" Bẹ́ẹ̀ ni: iná á jáde lójú kan bátìrì, á gba inú gílóòbù, á padà wọ ojú kejì. Bí ọ̀nà bá já, kò sí iná.

Lọ́jọ́bọ̀, a wo ohun tí iná lè gbà kọjá. Ṣíbí irin gbà á, rúlà oníke kọ̀. Pẹ́ńsù ńkọ́? Èmi ẹnjiníà ní kò lè gbà á. A gbẹ́ ẹ lórí-nídìí, a so wáyà mọ́ dúdú inú rẹ̀, gílóòbù tàn fẹẹrẹ. Irú káábọ̀nù kan ni, kì í ṣe òjé.

(Bátìrì kékeré nìkan o! Iná ara ògiri kì í ṣeré.)

Nígbà tó fi di Ọjọ́ Ẹtì, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wa ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnì kan ti yọ bátìrì inú rẹ̀.