Ojú tí Àwọn Òǹkàwé fi Wo Psycho II, Ìwé Atẹ̀lé tí Robert Bloch Kọ ní 1982

Ìfáàrà

Iṣẹ́ ńlá ni fún òǹkọ̀wé láti padà sídìí ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ ti parí. Àwọn òǹkàwé ti fi ìtàn ìṣáájú sọ́kàn, wọ́n ti mọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn bí ẹni mọ ará ilé, wọ́n sì ti ní èrò tiwọn nípa ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Bí ìwé atẹ̀lé bá jáde, ìdájọ́ méjì ni wọ́n ń ṣe pọ̀: wọ́n ń dá ìwé tuntun lẹ́jọ́, wọ́n sì ń wò ó bóyá ó ba ti àtijọ́ jẹ́. Psycho II tí Robert Bloch, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí atẹ̀lé fún Psycho tí ó jáde ní 1959, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Ẹ̀yà ìtàn adẹ́rùbani ni ìwé méjèèjì, níbi tí apànìyàn ti ń fi ọ̀bẹ tàbí nǹkan mímú mìíràn pa ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn afọ̀bẹpànìyàn ni bébà yìí yóò máa pè é.

Hans Robert Jauss, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Yunifásítì Konstanz ní 1967 pé kò sí òǹkàwé tí ó ń pàdé ìwé ní ọwọ́ òfo. Gbogbo ohun tí ó ti kà tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń pààlà fún ohun tí ó ń retí. Gbèdéke ìrètí yìí ni a lè fi wo èdè-àìyedè tí ó wà láàrin àwọn òǹkàwé Psycho II.

Ìtàn ìṣáájú àti sinimá tí ó bò ó mọ́lẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, àwọn ọlọ́pàá mú Ed Gein ní Plainfield, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ibi tí Bloch ń gbé nígbà náà kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé ènìyàn lè máa ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, kí aládùúgbò má sì fura. Láti inú èrò yìí ni ó ti dá Norman Bates, olùtọ́jú ilé ìtura ẹ̀bá ọ̀nà, tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Òǹkàwé ń gbọ́ tí ìyá yìí ń bá ọmọ rẹ̀ jà. Ìgbà tí ìtàn fẹ́ parí ni ó tó hàn pé ìyá náà ti kú tipẹ́, àti pé Norman fúnra rẹ̀ ni ó ń fọhùn ní ipò rẹ̀, tí ó sì ń pànìyàn ní ipò rẹ̀.

Bloch gba 9,500 dọ́là fún ẹ̀tọ́ láti fi ìtàn náà ṣe sinimá, wọn kò sì sọ fún un pé Alfred Hitchcock ni ó wà lẹ́yìn aṣọ. Sinimá náà jáde ní 1960, òkìkí rẹ̀ sì bo ìwé mọ́lẹ̀ pátápátá. Nínú ìwé, ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún ni Norman, ó sanra, ó ń lo awò ojú, ó sì fẹ́ràn ọtí. Nínú sinimá, géńdé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ fani mọ́ra, Anthony Perkins, ni ó ṣe é. Nígbà tí ìwé kejì yóò fi jáde, Norman ti Perkins ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbé wá sídìí rẹ̀. Ẹni tí Bloch kò dá ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Psycho II

Ogún ọdún ti kọjá. Norman wà ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn-ọpọlọ lábẹ́ ìtọ́jú Dókítà Adam Claiborne. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà méjì wá ṣe àbẹ̀wò. Norman pa ọ̀kan, ó gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀, ó sì sá lọ. Ọkọ̀ tí ó gbé jóná lójú ọ̀nà, òkú kan sì wà nínú rẹ̀. Claiborne gbà pé òkú ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ìtàn Norman ṣe sinimá ní Hollywood, ó gba ibẹ̀ lọ láti kìlọ̀ fún wọn, ikú sì ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní ìparí ni òǹkàwé tó mọ̀ pé Norman ni ó kú sínú ọkọ̀ náà. Dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni ó ti sọ ara rẹ̀ di Norman láìmọ̀.

Ìdájọ́ àwọn òǹkàwé

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé òǹkọ̀wé rẹ́ àwọn òǹkàwé jẹ. Nítorí Norman ni wọ́n ṣe ra ìwé, wọ́n ń fi ojú wá a ká gbogbo Hollywood, àṣé òkú ni wọ́n ń wá. Àwọn tí ó ń sọ èyí kò parọ́, ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé bí ìwé kìíní ṣe rí. Ẹ̀tàn tí Bloch fi kọ Psycho gan-an ni ó tún lò. Ní 1959, ó mú kí òǹkàwé gbà pé ìyá tí ó ti kú ṣì wà láàyè, kí ọmọ rẹ̀ lè máa pànìyàn ní orúkọ rẹ̀. Ní 1982, Norman ni ó bọ́ sí ipò ìyá: òun ni òkú tí a rò pé ó wà láàyè, tí ẹlòmíràn ń fi orúkọ rẹ̀ pànìyàn. Ẹni tí ó gbóríyìn fún ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí nígbà àkọ́kọ́ kò ní ẹsẹ̀ kan gbòógì tí yóò fi dúró bí ó bá pè é ní rẹ́nijẹ nígbà kejì. Àwọn òǹkàwé tí ó rí ìbáramu yìí ni ó fẹ́ràn ìwé náà jù, wọ́n sì rí i pé dókítà tí àrùn aláìsàn rẹ̀ ràn jẹ́ èrò tí ó dẹ́rù bani ju ọ̀bẹ lọ.

Ìwé atẹ̀lé kò sì ní láti di mọ́ akọni kan náà. Nígbà tí Fágúnwà kọ Igbó Olódùmarè ní 1949, baba Àkàrà-ògùn ni ó sọ ìtàn rẹ̀, kì í ṣe Àkàrà-ògùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ láti 1938.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù. Lẹ́yìn tí Halloween jáde ní 1978 àti Friday the 13th ní 1980, sinimá afọ̀bẹpànìyàn gba ìgboro kan. Ọmọ Psycho ni wọ́n: orúkọ dókítà inú Halloween, Sam Loomis, inú Psycho ni wọ́n ti mú un, ọmọ bíbí inú Janet Leigh tí wọ́n gún pa nínú ilé ìwẹ̀ ní 1960 sì ni Jamie Lee Curtis tí ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Bloch kò fẹ́ràn ọmọ wọ̀nyí. Ó fi Psycho II bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ pa owó. Àwọn òǹkàwé kan sọ pé ìwàásù náà pọ̀ jù, pé àwọn ẹ̀dá-ìtàn a máa dúró jiyàn lórí ìwà ipá nígbà tí ó yẹ kí ìtàn máa sáré. Àwọn mìíràn bi í pé ta ni ó ń bá wí, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ inú ìwé tirẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ní 1959, ìwọ̀nba gbólóhùn ni ó fi parí ikú Mary Crane nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ̀sùn yìí ni ìwé náà kò rí ọ̀nà gbà bọ́ nínú rẹ̀. Ẹlẹ́mu tí ń bú ọ̀mùtí ni Bloch ń ṣe ní àwọn ojú ìwé kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwàdà àti ìfi-ọ̀rọ̀-dárà tí a mọ̀ ọ́n mọ́ mú kí ó rọrùn láti kà.

Ta ni ó ni Norman?

Òǹkàwé kan wà tí agbára rẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ, èyí ni ilé-iṣẹ́ Universal tí ẹ̀tọ́ sinimá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bloch sọ pé wọn kò fẹ́ràn ìwé náà rárá. Sinimá tiwọn tí wọ́n pè ní Psycho II jáde ní 1983. Tom Holland ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Richard Franklin ni ó darí rẹ̀, kò sì mú nǹkan kan nínú ìwé Bloch. Wọ́n dá Norman sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá Perkins padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí àwọn òǹkàwé tí inú ń bí ń béèrè fún gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó wá di pé ìtàn méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan, Norman kú nínú ọ̀kan, ó wà láàyè nínú èkejì. Èyí tí ó wà láàyè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Bloch kò yí ọwọ́ padà. Nínú Psycho House tí ó kọ ní 1990, Norman ṣì jẹ́ òkú. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n tún ilé ìtura rẹ̀ kọ́ kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè máa sanwó wò ó. Bloch kú ní 1994. Nígbà tí Chet Williamson tẹ̀ síwájú nínú ìtàn náà ní 2016, ó pe ìwé tirẹ̀ ní Psycho: Sanitarium, ó sì fi í sí àárín ìwé kìíní àti ìkejì, ní àkókò tí Norman ṣì wà ní ilé ìwòsàn, tí kò tíì bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn sísítà.