Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Mí Láìsí Ẹwìrì

Ẹni tí ó bá mọ Corolla sí ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tí bàbá fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lè má gbà bí a bá sọ fún un pé ọkọ̀ náà ní ẹ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ Jàpáànù, àti pé títí di òní olónìí, bí ogójì ọdún lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Toyota ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, àwọn ènìyàn ṣì ń ná owó gidi lé e lórí, tí wọ́n sì ń fi oorun òru wọn dù ú, nítorí kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè sáré ju bí ẹni tí ó rọ ọ́ ti pàṣẹ fún un lọ. AE86 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ilé iṣẹ́. Àwọn ará Jàpáànù a máa pè é ní Hachi-Roku, èyí tí í ṣe mẹ́jọ-mẹ́fà ní èdè wọn. Ọdún 1983 ni ó jáde, ọdún 1987 ni wọ́n sì ṣe é mọ. Kò wúwo tó 1,000 kílò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì fi ń ti ara rẹ̀ síwájú ní àkókò tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Corolla ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yí padà sí ẹsẹ̀ iwájú. Keiichi Tsuchiya, awakọ̀ eré ìje tí ó mọ bí a ti í fi ìdí ọkọ̀ gbálẹ̀ ní kọ́nà, wà lára àwọn tí ó gbé e níyì. Ìwé ìtàn alá-wòrán Initial D, tí Shuichi Shigeno bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ọdún 1995, sì gbé òkìkí rẹ̀ kọjá òkun. Nínú ìtàn náà, ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ fọ́ lójú eré, wọ́n sì fi ti eré ìje rọ́pò rẹ̀, èyí tí ń yípo ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ìtàn ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró lé lórí kì í ṣe àlọ́. Ẹ́ńjìnnì 4A-GE tí ó wà nínú AE86 àwọn ará Jàpáànù ń yọ agbára ẹṣin 130. Nígbà tí àwọn àgbà mẹkáníìkì Àríwá Amẹ́ríkà tún irú rẹ̀ kan náà ṣe fún ìdíje Formula Atlantic, ó di nǹkan bí 240. Inú ìdíje yẹn ni Jacques Villeneuve ti wà ní ọdún 1993, kí ó tó di aṣíwájú gbogbo awakọ̀ Formula One ní ọdún 1997. Kò sí tọ́bò nínú ẹ́ńjìnnì náà rárá. Báwo wá ni ohun tí kò tóbi sí i, tí a kò sì bá mí, ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára ní ìlọ́po méjì?

Èémí ni iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí epo bẹntiróòlù ti wù kí ó pọ̀ tó, ìwọ̀nba tí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá ká ni yóò jó. Ẹ́ńjìnnì tí ó ní tọ́bò dà bí iná àgbẹ̀dẹ tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ẹwìrì fẹ́, a máa rọ́ afẹ́fẹ́ sí i ní ikùn ní tipátipá. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní in, kìkì ìwúwo afẹ́fẹ́ tí Elédùmarè fi bo ayé ni ó ń ti èémí wọ inú rẹ̀, ìwúwo yẹn kì í sì í pọ̀ sí i nítorí ẹnikẹ́ni. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin 4A-GE fẹ̀ ní mìlímítà 81, písítìn sì ń rin mìlímítà 77 láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àpapọ̀ gbogbo wọn kò fi ohun púpọ̀ ju ìgò omi onílítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ikùn tí ó kéré báyìí kò lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fẹ́ kí ó jẹ púpọ̀, àfi kí ó máa jẹ lemọ́lemọ́. Agbára ẹṣin kò ju ipá ìyípo kan tí a fi iye ìgbà sọ di púpọ̀ lọ. Nígbà tí ipá kò lè gbòòrò mọ́, iye ìgbà ni ó kù tí a lè fi kún.

Ibẹ̀ gan-an ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀. Bí kiránkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, bá ń yípo ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan kò gbà ju ìdá 6 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, àárín àkókò yẹn ni písítìn ní láti dúró lókè, kí ó já wálẹ̀ bí òkò, kí ó tún dúró, kí ó sì tún padà gòkè. Bí a bá fi gíráàmù 300 ṣe ìwọ̀n písítìn kan pẹ̀lú ríǹgì àti pínnì rẹ̀, nígbà tí ó bá ń yí padà lókè ní ìyípo 7,500, yóò fa kọ́nrọ́ọ̀dù, apá irin tí ó so ó mọ́ kiránkì, bí ẹni pé nǹkan tí ó tó odidi AE86 kan ni a so rọ̀ mọ́ ọn. Ní 10,000, àwọn AE86 tí a so rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì. Ìyípo fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀, ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí eré ti ń gorí ara rẹ̀ ni ẹrù ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po. Ohun tí ó sì ń ya àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ìgbà tí iná ń bú lórí písítìn ni kọ́nrọ́ọ̀dù sábà ń já. Iná a máa tì í wálẹ̀ ni, ó sì ń dín fífà náà kù. Ìgbà tí èéfín bá ń jáde, tí kò sí ohunkóhun lókè láti dá písítìn dúró bí kò ṣe bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó wà nísàlẹ̀, ìgbà náà ni ikú ń dọdẹ.

Nítorí náà, kí agbáṣe tí ń tún irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe tó ronú nípa agbára, yóò ka àwọn ìhà irin tí ó yọ lára búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ní irú ìhà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ní méje, ọrùn tí kọ́nrọ́ọ̀dù fi di kiránkì nínú wọn sì ti kúrò ní mìlímítà 40, ó ti di 42. Oníméje ni wọ́n ń wá. Wọn yóò fi kọ́nrọ́ọ̀dù àti písítìn tí a fi òòlù tẹ̀ rọ́pò àwọn tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá, wọn yóò gbé kiránkì sórí òṣùwọ̀n kí ìwúwo rẹ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn yóò sì di bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù nípa wíwọn bí ó ti nà tó, nítorí ọwọ́ tí ó ń di bóòtù lè tan ènìyàn jẹ, gígùn irin kì í tan ni jẹ. Àlàfo tí ọ́ìlì ń gbà láàárín bẹ́ríǹgì àti kiránkì kò ju bí ìdá 5 nínú 100 mìlímítà lọ: irun orí ọ̀pọ̀ ènìyàn nípọn jù ú lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò gba irin iṣẹ́ olówó ńlá kankan. Bí a bá fi kámù tí ń ṣí fáàfù jinlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sí i, fáàfù lè bá písítìn pàdé lójú ọ̀nà. Agbáṣe yóò wá mú amọ̀ rírọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi fi ń mọ ẹyẹ, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí písítìn, yóò fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lójú kí ó má baà lẹ̀ mọ́ fáàfù, yóò gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lé e, yóò dì í, yóò sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìgbà méjì. Nígbà tí ó bá tú u, ojú ẹsẹ̀ fáàfù yóò ti hàn nínú amọ̀ bí òǹtẹ̀. Yóò fi abẹ gé amọ̀ náà sí méjì, yóò sì wọn ibi tí ó tínrín jù: mìlímítà kan àti ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bíi méjì ní ẹ̀gbẹ́ èéfín, nítorí fáàfù èéfín ni písítìn ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá pé, yóò tún gbogbo rẹ̀ tú palẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo rò pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó orí písítìn tí a lẹ amọ̀ mọ́.

Fáàfù náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ní 10,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ń ṣí, ó sì ń pa dé, ní ìgbà 83 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kìkì sípíríǹgì ni ó sì ń dá a padà sílé. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ jù, fáàfù a léfòó, kò ní í tẹ̀ lé kámù mọ́, písítìn a sì bá a níta. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, orí agolo fáàfù ni irin pẹlẹbẹ tí a fi ń dín àlàfo kù jókòó sí. Bí kámù bá ga jù, ó lè ta irin náà dànù bí ẹni ta ọ̀kọ̀tọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí abẹ́ agolo.

Ní ti ọ̀nà afẹ́fẹ́, Toyota fúnra rẹ̀ ni ó fi hàn wọ́n. Ní ọdún 1991 ni ó gbé 4A-GE oní-fáàfù 20 jáde, tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ agbáṣe sì ń tú ẹnu mẹ́rin yìí lọ sára ti àtijọ́. Gígùn ẹnu náà kì í ṣe fún ẹwà: nígbà tí fáàfù bá pa dé, afẹ́fẹ́ tí ń sáré bọ̀ a kọlu ilẹ̀kùn, ìró rẹ̀ a padà sí ẹnu páìpù, a sì tún ta padà, bí ó bá bọ́ sí àkókò tí fáàfù tún ṣí, a máa ti èémí kún èémí. Páìpù gígùn ń ṣiṣẹ́ ní ìyípo kékeré, kúkúrú ní ìyípo gíga, bí ohùn kàkàkí ti í wúwo ju ti fèrè lọ.

Ṣùgbọ́n a kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Kámù tí ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa lókè ni í jẹ́ kí ó máa wúkọ́ nísàlẹ̀, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìgboro. Ìgbà tí a ó tún un tú kì í sì í pẹ́ dé. Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ tí ènìyàn ń wà lójú títì kò nílò ju 8,000 tàbí díẹ̀ sí i lọ. Kí a fi 10,000 sílẹ̀ fún pápá ìje.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, níbi ìpàtẹ Tokyo Auto Salon, Toyota gbé AE86 méjì síta: iná mànàmáná ni ọ̀kan ń lò, èkejì ń jó háídírójìn nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an. Ti èkejì yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí ẹ̀rọ tí ń mí fúnra rẹ̀ ṣì ń mí.

Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tuntun, wọn kì í tẹ iná mọ́ ọn títí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọn a pa á, wọn a da ọ́ìlì rẹ̀ nù, wọn a tú àsẹ́ ọ́ìlì, wọn a fi irin gé e yí ká, wọn a fa bébà inú rẹ̀ gùn bí aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ iná, wọn a sì máa wò ó, ìṣẹ́po kan tẹ̀ lé èkejì, bóyá ohun kan ń dán níbẹ̀.