Kí A Tó Rán Ikùn Pa Dà: Ìwé Ìlàlóye lórí Ìbọ̀wọ́, Irinṣẹ́ àti Òwú nínú Iṣẹ́ Abẹ Ikùn

Ohun tí àkóràn ojú abẹ jẹ́

Àkóràn ojú abẹ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pe ìbàjẹ́ tí kòkòrò àrùn ń ṣe ní ibi tí a ti la ara, bí ó bá ṣẹlẹ̀ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, yálà awọ nìkan ni ó mọ sí, tàbí ó wọ inú ẹran tí ó wà lábẹ́ awọ, tàbí ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé inú ikùn níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ dé. Àmì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti tọ́jú egbò rí: ojú rírán á pọ́n, á gbóná, á wú, omi tàbí ọyún á máa jáde níbẹ̀, ibà á sì tẹ̀ lé e. Wàhálà tí ó ń kó bá aláìsàn ju ìrora lọ, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò ṣì wà lórí ibùsùn, owó oògùn àti owó wíwẹ egbò yóò máa gorí ara wọn, ìgbà mìíràn sì wà tí a ní láti tún ikùn náà là.

Ní ọdún 2018, a gbé ìwádìí kan jáde tí ó tọpasẹ̀ aláìsàn 12,539 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ inú àti ìfun fún ní orílẹ̀-èdè 66. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn ga, aláìsàn 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni àkóràn ojú abẹ mú. Ní àwọn tí ó wà láàrin, ó jẹ́ 14.0, ní àwọn tí ìdàgbàsókè wọn kéré, ó jẹ́ 23.2. Àwọn olùwádìí ro ti bí àìsàn ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe le tó àti irú iṣẹ́ abẹ tí a ṣe fún un mọ́ ìṣirò wọn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò pòórá.

Ìdí tí ikùn fi ṣòro ju apá tàbí ẹsẹ̀ lọ ni pé ìfun, pàápàá ìfun ńlá, jẹ́ ilé fún ogunlọ́gọ̀ kòkòrò tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà nínú ìfun, ṣùgbọ́n tí ń di àrùn bí wọ́n bá bọ́ sí ojú ọgbẹ́. Bí ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá ti dá ìfun lu, tàbí bí apẹ́ńdíìsì, ìyẹn ẹ̀ka kékeré bí ìka ọmọdé tí ó rọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, bá ti bẹ́, ìdọ̀tí ti tàn ká inú ikùn kí abẹ tó kan awọ rárá.

Ohun olówó gọbọi tí kò ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a máa fi chlorhexidine tí a pò mọ́ ọtí líle nu awọ aláìsàn kí a tó la á, dípò ayodíìnì olómi tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, àjọ náà sì ní a lè máa fi òwú tí a ti ra triclosan, èròjà kan tí ń pa kòkòrò, sí lára rán ojú abẹ. Ọjà méjèèjì ni ó wọ́n ju èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ilẹ̀ àwọn olówó ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí tí ó tì wọ́n lẹ́yìn sì ti wá, ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí a dán wọn wò níbi tí àkóràn ti pọ̀ jù.

Ìdánwò náà wáyé ní ilé ìwòsàn 54 ní orílẹ̀-èdè méje, tí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà wà lára wọn pẹ̀lú Íńdíà, Mẹ́síkò, Rùwáńdà àti Gúúsù Áfíríkà, àwọn aláìsàn tí wọ́n sì kópa jẹ́ 5,788. Ìbò ni a fi pín wọn, ìyẹn ni pé dókítà kọ́ ni ó yan ẹni tí yóò gba èyí tàbí ìyẹn, kí àwọn tí àìsàn wọn le má baà pọ̀ sí apá kan kí àbájáde sì di ẹlẹ́tàn. Nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà The Lancet tẹ àbájáde náà jáde ní ọdún 2021, ó hàn pé oògùn ìnu-awọ olówó gọbọi náà kò dín àkóràn kù ju ayodíìnì lọ, òwú olóògùn náà kò sì ta òwú lásán yọ. Nínú àwọn aláìsàn 5,284 tí a rí àyẹ̀wò wọn ṣe délẹ̀, 1,163 ni àkóràn mú, èyí tí í ṣe 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú àbájáde báyìí kì í dùn létí ẹni tí ń ta ọjà, ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni fún ilé ìwòsàn ìjọba tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé kò ní láti bojú wo ayodíìnì inú àpótí rẹ̀ bí ohun ìtìjú mọ́.

Ìbọ̀wọ́ tuntun àti irinṣẹ́ tí kò tíì kan ara

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò fún aláìsàn. Ní nǹkan bí ọdún 1889 sí 1890, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, oògùn líle tí a fi ń pa kòkòrò ń bó ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ń bá oníṣẹ́ abẹ William Halsted ṣiṣẹ́, Halsted sì ní kí ilé iṣẹ́ rọ́bà Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Nígbà tí ó yá ni a tó rí i pé ohun tí ó gba nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ oògùn lè gba aláìsàn lọ́wọ́ àkóràn pẹ̀lú.

Lónìí, kò sí ẹni tí ń jiyàn lórí wíwọ ìbọ̀wọ́ kí a tó la ikùn. Ìgbà tí ó yẹ kí a bọ́ ọ ni a kò bìkítà fún. Bí iṣẹ́ inú ikùn bá ti parí, tí a ti gé ibi tí ó bàjẹ́ nínú ìfun, tí a ti fi omi ṣan inú rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì ti ka aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí iye wọn pé, ìbọ̀wọ́ tí ó ti wà nínú ọyún àti ìgbẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì ni oníṣẹ́ abẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí rán ikùn pa dà. Ẹ̀mú tí ó di ìfun mú náà ni yóò di awọ mú. A ti fi kànìnkànìn kó ìdọ̀tí kúrò nínú ikùn tán, ọwọ́ kan náà ni a tún fi ń pín in sí ojú ọgbẹ́.

Orílẹ̀-èdè méje kan náà ni a ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti oṣù kẹfà ọdún 2020 títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń da ilé ìwòsàn láàmú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ilé ìwòsàn ni a dìbò pín, a kò dìbò pín àwọn aláìsàn, nítorí pé ó ṣòro kí àwọn òṣìṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ kan náà máa ṣe ohun kan fún aláìsàn àárọ̀ kí wọ́n sì ṣe òdìkejì rẹ̀ fún ti ọ̀sán. Ilé ìwòsàn 42 ń bá àṣà wọn lọ. 39 gba àyípadà. Ní àwọn 39 wọ̀nyí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí rán ikùn, gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà yóò bọ́ ìbọ̀wọ́ dànù, wọn yóò wọ òmíràn, nọ́ọ̀sì yóò sì tú ìdì irinṣẹ́ kejì tí a ti fi ooru gbígbóná sè, tí kò sì tíì kan ara ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀mú, àlùmọ́gàjí àti ohun tí a fi ń di abẹ́rẹ́ mú lè jáde láti inú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Àbájáde rẹ̀, tí The Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, dá lórí aláìsàn 13,301. Ní ilé ìwòsàn tí ó ń bá àṣà lọ, àkóràn mú 1,280 nínú aláìsàn 6,768 tí a rí àyẹ̀wò wọn ṣe, èyí tí í ṣe 18.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ibi tí a ti pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́, ó mú 931 nínú 5,789, èyí tí í ṣe 16.0. Nínú ẹni mẹ́jọ tí àkóràn ìbá mú, ẹnì kan bọ́. Ẹni tí ń retí iṣẹ́ ìyanu lè sọ pé èyí kò tó nǹkan, òótọ́ sì ni pé mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ní àkóràn, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ gbàgbé pé kò sí ẹ̀rọ tuntun tàbí oògùn tuntun nínú rẹ̀, àti pé àǹfààní náà kò yàtọ̀ láàrin ikùn tí ìdọ̀tí ti kún àti èyí tí ó mọ́ díẹ̀.

Iye méjì mìíràn nínú ìwádìí náà yẹ ní àkíyèsí ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka wọ́n sí lọ. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí ó ń bá àṣà lọ, aláìsàn 58 péré nínú 7,157 ni a pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ fún, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá ká tó máa sọ pé ó kéré. Ní ibi tí a ti ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n ṣe é fún 6,044 nínú 6,144. Àwáwí pé àwọn òṣìṣẹ́ wa kò ráyè, tàbí pé ilé ìwòsàn ilẹ̀ aláìní kò lè tẹ̀ lé ìlànà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń fa òwú

Gbogbo télọ̀ ni ó mọ̀ pé rírán kékeré tí ó súnmọ́ ara máa ń di aṣọ mú ju rírán gàǹgà tí ó jìnnà síra lọ, ṣùgbọ́n ọdún pípẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí etí ọgbẹ́, tí wọ́n sì ń fi sẹ̀ǹtímítà kan la rírán kan sí èkejì. Ní Netherlands, a fi ìbò pín aláìsàn 560 sí ọ̀nà yìí àti sí ọ̀nà kékeré, níbi tí ìwọ̀n méjèèjì ti jẹ́ mìlímítà márùn-ún. Ohun tí a ń ṣọ́ ni ìpá ojú abẹ, ìyẹn ìpá tí ń yọ níbi tí a ti rán ikùn nígbà tí ẹran abẹ́ awọ bá ya tí ìfun sì ń tì í síta. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yọ sí ara ẹni 21 nínú ọgọ́rùn-ún tí a fi ọ̀nà gàǹgà rán, ó sì yọ sí ara 13 nínú ọgọ́rùn-ún tí a fi ọ̀nà kékeré rán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ọ̀nà kékeré fi pẹ́ ju èkejì lọ. Àwọn tí a ti mú ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ wọn tẹ́lẹ̀ ni ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2015 yìí kàn; kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí a gbé wọlé ní òru pẹ̀lú ìfun tí ó ti lu.

Ohun tí ó kan aláìsàn àti ẹbí rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹbí ni a ń fún ní ìwé àwọn ohun tí wọn yóò rà wá kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìbọ̀wọ́ sì ni ohun tí ojú kọ́kọ́ ń lọ sí láti gé kù nígbà tí owó kò bá tó, pàápàá bí ẹni tí ó ń rà á bá ti ka iye dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà tí ó sì rí i pé ìbọ̀wọ́ lé. Ìbọ̀wọ́ tí ó lé náà ni ti ìgbà tí a bá fẹ́ rán ikùn pa dà. Kí a má ṣe dín in kù. Bí kò bá sí nínú ìwé náà, ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá a óò pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí a tó rán an.

Kí aláìsàn fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi abẹ féfe fá irun ikùn rẹ̀ láti ilé, nítorí pé abẹ féfe máa ń ha awọ ní ọ̀nà tí ojú kò rí, ojú ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bí irun náà bá di dandan láti kúrò, ẹ̀rọ ìgérun ni òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi gé e. Oògùn apakòkòrò tí a ń fún aláìsàn láti dènà àkóràn gbọ́dọ̀ ti wọ ara rẹ̀ láàrin wákàtí méjì kí abẹ tó kàn án, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ni pé kí a má ṣe fa oògùn ìdènà yẹn gùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí a kò bá kọ oògùn apakòkòrò fún nígbà tí ó ń lọ sílé kò gbọdọ̀ rò pé a rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ó tú ìyẹ̀fun kápúsù dà sí ojú rírán bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí a kà láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹnikẹ́ni tí ojú rírán rẹ̀ bá pọ́n tí ó sì ń gbóná sí i, tí omi tàbí ọyún bá ń ti ibẹ̀ jáde, tí ojú rẹ̀ bá là, tàbí tí ibà bá mú láàrin àkókò náà, kí ó padà sí ilé ìwòsàn tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó mú káàdì rẹ̀ dání, kí ó má sì ṣe dúró de ọjọ́ tí a dá fún un.