Ẹ̀yin onǹkọ̀wé, agádágodo nìkan kò lè ṣọ́ ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì

Láti Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Agége, iṣẹ́ ìwé ti pẹ́ ládùúgbò náà. Ojú ọ̀nà Ọba Akran ni ilé-iṣẹ́ Learn Africa wà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Longman tẹ́lẹ̀. Orégùn ni Literamed, àwọn tó ń tẹ ìwé Lantern fáwọn ọmọdé, fìdí sọlẹ̀ sí. Àwọn atẹ̀wé kéékèèké tí ẹ̀rọ wọn kò ju ẹyọ kan lọ náà wà níbẹ̀. Bí owó bébà àti dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń ga sí i, ọ̀pọ̀ ló ń rò ó pé káwọn kúkú máa ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé, bí wọ́n bá ta ẹyọ kan, tí ẹni tó rà á fi ránṣẹ́ sí èèyàn 200 lórí WhatsApp ńkọ́?

Agádágodo tí wọ́n ń pè ní DRM làwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáhùn. Tí wọ́n bá ti fi sórí ìwé, ìwé náà kò ní í ṣí àfi lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹni tó rà á fi orúkọ rẹ̀ sí. Lórí Amazon, onǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló máa yàn bóyá òun fẹ́ ẹ.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olè lè fi fóònù mìíràn ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa sì ń já agádágodo náà. Oníbàárà tó sanwó gan-an ló lè dà láàmú, nígbà tó bá pààrọ̀ fóònù.

Èyí tó tún burú ni pé ọwọ́ ọlọ́jà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí Microsoft ti ọjà ìwé rẹ̀ pa lọ́dún 2019, àwọn ìwé táwọn èèyàn ti rà kò ṣí mọ́, owó wọn ni wọ́n dá padà fún wọn. Nílé wa níbí, OkadaBooks tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ lọ́dún 2013 kógbá wọlé ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2023. Onǹkọ̀wé tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló gbójú lé ní láti wá ọjà mìíràn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó gbogbo ọjà yín sí ìsọ̀ kan. Ẹ tọ́jú ojúlówó fáìlì yín sọ́wọ́, kí ẹ sì ní àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà yín. Ẹ lè lo Selar, tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa tó sì ń gba náírà, kí ẹ tún lo ti òkè òkun.

Ẹ ṣírò owó dáadáa. Ìwé tó bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, Amazon lè san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún onǹkọ̀wé bí oníbàárà bá wà ní Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè náà; ìdá 35 ni tiwa. Lórí ìdá 70 yẹn, wọ́n ń yọ owó ìgbéránṣẹ́, sẹ́ǹtì 15 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Ìwé ọ̀rọ̀ lásán tí ẹ tà ní dọ́là 2.99 á mú nǹkan bíi dọ́là méjì wá. Ìwé ọmọdé tí àwòrán kún inú rẹ̀, tó tó mẹ́gábáìtì 10, kò ní í mú ju dọ́là kan àti sẹ́ǹtì díẹ̀ wá.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta, ọdún 2023, ka jíjá agádágodo orí ìwé sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó sì fún ẹni tó ni ìwé láyè láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ayédèrú ìwé náà wà lórí ìkànnì rẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́. Àjọ Nigerian Copyright Commission ló ń mójú tó o. Kò di dandan kí ẹ forúkọ ìwé sílẹ̀ kí ẹ tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rí ni lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí owó ìwé yín mọ níwọ̀n, kí rírà rẹ̀ má sì nira. Ẹni tó lè rí ojúlówó rà lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú méjì kì í sábà wá ayédèrú kiri.