Owó Iwájú Orí, Owó Orí Fóònù

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ fújì. Kò ní ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bàbá ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá parí òde ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń pín owó: ti àwọn onílù, ti elégbè, ti awakọ̀, ti ọmọ tó ń ṣa owó sínú àpò. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti ọ̀gá. Kó tó sùn, á yọ fóònù, á wo orin tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gbọ́ ọ dáadáa o, àmọ́ owó ibẹ̀ kò tíì ra ìgò ọtí kan.

Lóde, o mọ ojú ẹni tó ń náwó fún ọ. O mọ baba rẹ̀, o mọ oríkì rẹ̀. Bí o bá ṣe kì í tó ni yóò ṣe tọwọ́ bọ àpò tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá gbé ohùn lọ, ebi dé. Òfin tún wà níbẹ̀: òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti 2007 ka nínáwó lóde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì kà á sí títí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn owó, fi gbájú mọ́ ọn ní 2024. Mo ti gbọ́ olórin tó ń fi nọ́ńbà àkáǹtì kọrin, kí wọ́n lè fowó ránṣẹ́ dípò kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí.

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í bèèrè ohùn lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́. Orin tó o gbé sókè lánàá ń ṣiṣẹ́ bí o ti ń sùn. Ìṣirò rẹ̀ ló le. Láti 2024, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín ọdún kan. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ olùgbọ́ Nàìjíríà sì kéré sí ti ìlú òyìnbó, nítorí náà ẹnì kan tó gbọ́ ọ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè mówó wọlé ju ọ̀pọ̀ tó ń fi í jó ní Mushin lọ.

Àwọn kan ní kí ọ̀rẹ́ mi yọ orúkọ àwọn olówó kúrò nínú orin tó bá fẹ́ gbé sókè, torí àjèjì ò mọ̀ wọ́n. Èmi ò gbà. Ẹgbẹ́ Òṣogbo ni Haruna Ishola, olórin àpàlà, kì nínú Oroki Social Club ní 1971, ẹni tí kò dé Òṣogbo rí sì ra àwo náà. Ohun tí baba yẹn fi jù wá lọ ni pé kò fi ẹni tó ni orin ṣeré. Láti 1969 ni òun àti I.K. Dairo, olórin jùjú, ti dá STAR Records sílẹ̀. Nígbà tó di 1979, ó ti ní sìtúdíò tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ mi ti jìn sí kòtò. Onífídíò tí wọ́n gbé wá sóde gbé eré wákàtí mẹ́ta sórí YouTube tirẹ̀, àwọn tó wò ó sì ju àwọn tó gbọ́ gbogbo àwo ọ̀rẹ́ mi lọ. Ó lọ bá a. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹni tó ṣàríyá ló sanwó kámẹ́rà."

Báyìí, kó tó dán makirofóònù wò, ìwé pélébé kan àti bírò á ti wà lórí sípíkà, á máa dúró de onífídíò.