Abèèrè kì í ṣìnà: ètò Java àti ìlànà REST

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń fi èdè Java kọ ètò kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tí ètò wọn ń gba ìsọfúnni láti orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́dún 2000, nínú ìwé tí Roy Fielding fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine, ó ṣàlàyé ìlànà tó pè ní REST. Lára ohun tí ìlànà náà ń wá ni pé kí ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn má ṣe so mọ́ra wọn pinpin, kí ọ̀kan lè yí padà láìda èkejì láàmú.

Bí àpẹẹrẹ, bí ilé ìtàwé kan bá ní àdírẹ́sì fún ìwé, tó ní òmíràn fún owó sísan, tí akọ̀wé ètò sì kọ méjèèjì sínú ètò rẹ̀, ọjọ́ tí ilé ìtàwé bá tún àdírẹ́sì tò ni ètò náà yóò dákú. Èyí tó sì ti wà nínú fóònù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ṣeé pè padà lóòjọ́.

Ohun tó tọ́ ni kí ètò mọ àdírẹ́sì ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìdáhùn tó bá rí gbà níbẹ̀ ni yóò gbé àwọn líǹkì yòókù dání, tòun ti orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àdírẹ́sì lè yí padà. Orúkọ tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí ni kò gbọ́dọ̀ yí.

Nígbà mìíràn, ojúlé àtijọ́ a fi nọ́ńbà 301 tàbí 308 sọ pé òun ti kó lọ, a sì júwe ibi tuntun. Ṣùgbọ́n HttpClient tó bá Java 11 dé lọ́dún 2018 kì í tẹ̀ lé irú ìjúwe bẹ́ẹ̀, àfi bí akọ̀wé ètò bá fi followRedirects pàṣẹ fún un.

Bí ilé ìtàwé bá tún fi iye ojú ìwé kún ìdáhùn rẹ̀, ètò tó ń wá orúkọ ìwé àti iye owó nìkan kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn dákú. Jackson ẹ̀yà 2, irinṣẹ́ tó ń sọ JSON di ohun tí Java lè lò, a máa kọ ìdáhùn tó bá ní orúkọ àjèjì, àyàfi bí wọ́n bá pa FAIL_ON_UNKNOWN_PROPERTIES.

Èyí kò ní kí ètò máa gba ohunkóhun mọ́ra. Bí iye owó kò bá sí nínú ìdáhùn, kò gbọ́dọ̀ fi òdo dípò. Ńṣe ni kí ó dúró, kí ó sì sọ ohun tó sọnù. Lóòótọ́, bíbéèrè ọ̀nà lẹ́nu ọ̀nà ń gba àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí oníbàárà fẹ́ sanwó, kí ètò má mọ ibi tí yóò gbà lọ.