Oyè Másítà Nínú Ìmọ̀ Ìṣirò fún Ẹni tí ó ń Ṣiṣẹ́ Oṣù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú àjẹṣẹ́kù, láàárín àwọn ìwé ìtọrọ owó àyálò tí à ń yẹ̀ wò, èyí tí ó jẹ́ ti owó ilé-ẹ̀kọ́ àgbà kò kéré. Àwọn olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wà lára àwọn tí ó ń fẹ́ gba oyè Másítà lórí ẹ̀rọ ayélujára láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí kí onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò wákàtí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Open University ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nínú ilé wọn láti 1971, kírẹ́díìtì 180 ni oyè Másítà, wákàtí 10 ni wọ́n sì kà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 1,800. Ẹni tí ó bá ń yọ wákàtí méjì sílẹ̀ ní alaalẹ́, àfi ọjọ́ Ìsinmi, yóò lo ọ̀sẹ̀ 150, ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní òun mọ ọ̀nà àbùjá. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró.

Ìṣirò tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí àwa alábẹ̀wò fi ń yẹ ìwé owó wò. Nọ́ńbà gan-an kò tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. A óò sọ ọ̀rọ̀ kan, a óò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, títí tí kò fi ní sí ẹni tí ó lè jà á níyàn. Ojú ìwé kan lè gba odindi alẹ́ kan. Kò ṣeé há sórí, bẹ́ẹ̀ ni wíwo fídíò nìkan kò tó: àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò àti tákàdá, kí ó ṣe é, kí ó ṣì í, kí ó tún un ṣe. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ó fi oṣù mẹ́ta ṣe àtúnkà iṣẹ́ dìgírì àkọ́kọ́ kí ó tó san kọ́bọ̀. Ní ti àwa tí a ní dípúlómà, àwọn yunifásítì wa sábà máa ń ní kí ẹni tí ó ní HND kọ́kọ́ ṣe PGD.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. Bí ẹgbẹ́ bá yá ènìyàn ní gbogbo owó ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ní láti san án tán ní oṣù 18, ìdajì ọ̀nà ni yóò wà nígbà náà. Ìgbéga kò tí ì dé, owó oṣù kò lé, onídùúró sì ti ń gba ìwé ìkìlọ̀. Pọ́n-ùn ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. National Open University tiwa ń gba náírà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹ yá wọn ní owó sáà kan, kí ẹ sì rí èsì ìdánwò kí ẹ tó yá wọn ní ti sáà tí ó tẹ̀lé e. Ìwé ìtọrọ owó kò ní àyè fún wákàtí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ọdún mélòó, kí àwọn onídùúró sì kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.